Ìgbì tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Wi-Fi àti Ibi tí Àbùkù Rẹ̀ ti Ṣẹ̀ Wá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni ni pé ọlọ́gbọ́n kì í kàn gbọn eruku ara rẹ̀ nù kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó máa ń bojú wẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, íntánẹ́ẹ̀tì aláìní-wáyà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wi-Fi, ti di ohun èlò ojoojúmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í wá ìwé kà, olùkọ́ ń fi í fi èsì ìdánwò ránṣẹ́, ẹni tí ó fẹ́ wọ yunifásítì ń fi í forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Wi-Fi bá kọṣẹ́, ìṣe ọmọdé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe. Ẹnì kan á gbé fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tí ń bẹ òjò. Ẹlòmíràn á fi ọwọ́ gbá ráútà, ìyẹn àpótí kékeré tí ń tan ìgbì ká inú ilé. Òmíràn á sáré ra dátà tuntun nígbà tí èyí tí ó ní kò tíì tán, tàbí kí ó sọ ẹ̀rọ tí kò ní àbùkù kankan nù.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àbùkù tí ń da Wi-Fi inú ilé láàmú kì í ṣe àdììtú. Àwọn tí wọ́n dá ọgbọ́n náà sílẹ̀ ti bá wọn pàdé ṣáájú wa. Wọ́n rí oògùn àwọn kan. Àwọn mìíràn sì wà títí di òní nítorí pé inú ìwà ìgbì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ wò, yóò sì mọ ohun tí kò yẹ kí òun fi owó ṣòfò lé lórí.

Ilẹ̀kùn onígi àti páànù síńkì

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1865, James Clerk Maxwell, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ pé agbára iná mànàmáná àti agbára òòfà máa ń para pọ̀ rìn bí ìgbì, àti pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá jẹ́ irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Ìṣirò lásán ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ títí di ìgbà tí Heinrich Hertz, ará Jámánì, fi ojú ayé hàn án láàárín ọdún 1886 sí 1888 ní ìlú Karlsruhe. Hertz mú kí iná ta pàrà ní apá kan yàrá ìwádìí rẹ̀. Iná kékeré mìíràn sì ta lára irin tí ó wà ní òdìkejì yàrá náà, láìsí wáyà kankan láàárín àwọn méjèèjì.

Hertz kò dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìgbì yìí lè là kọjá àti ohun tí ó lè dá a dúró. Ó gbé páànù síńkì ńlá sí ọ̀nà rẹ̀. Páànù náà dá ìgbì padà bí jígí ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ó ti ilẹ̀kùn onígi. Ìgbì náà gba inú rẹ̀ kọjá, iná sì ta nínú yàrá tí a tì pa. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ìtàn kọ́ wa nípa Wi-Fi: igi kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìgbì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irin jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Nínú ilé wa, ìdánwò Hertz ń wáyé lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ráútà tí a gbé pa mọ́ sẹ́yìn fíríìjì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, páànù síńkì Hertz ni a gbé sí iwájú rẹ̀ yẹn. Jígí ńlá ara ògiri náà ń dá ìgbì padà, nítorí pé a fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri kọnkéré tí a to irin sínú rẹ̀ náà máa ń gba púpọ̀ lára agbára ìgbì kí ó tó jẹ́ kí ìyókù kọjá. Nítorí náà, bí Wi-Fi bá já geere ní pálọ̀, tí ó sì ń kú ní yàrá ìgbẹ̀yìn, kí á tó fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni ó wà láàárín ráútà àti yàrá yẹn? Àárín gbùngbùn ilé, níbi gíga, tí kò sí irin nítòsí, ni ibùjókòó ráútà.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní erékùṣù Hawaii

Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn Hertz kí ẹnikẹ́ni tó lo ìgbì rédíò láti so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ lọ́nà tí ó jọ ti òde òní. Hawaii ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní àárín òkun Pàsífíìkì. Orí erékùṣù púpọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ Yunifásítì Hawaii wà, omi sì pín wọn níyà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fẹ́ lò wà ní erékùṣù Oahu. Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé rédíò ni wọn yóò lò dípò wáyà tẹlifóònù. Ní oṣù Okúdù ọdún 1971, ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ALOHAnet, nítorí pé “aloha” ni àwọn ará Hawaii fi ń kí ara wọn.

Ìṣòro tí ó dojú kọ wọ́n kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti jókòó níbi ìpàdé ẹbí tí kò ní alága. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rọ fi ń bá Oahu sọ̀rọ̀. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn á dàpọ̀, a kò sì ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Oògùn tí Abramson rí sí i rọrùn. Kí ẹ̀rọ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ sọ máa sọ ọ́. Bí ó bá gbọ́ èsì pé wọ́n ti gbà á, ó parí. Bí kò bá gbọ́ èsì, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti kọlu ti ẹlòmíràn. Kí ó dúró fún ìwọ̀n ìgbà kan tí kò ní jọ ti ẹnì kejì, kí ó sì tún un sọ. Bí àwọn méjèèjì bá dúró fún ìwọ̀n ìgbà kan náà, wọn yóò tún kọlu ara wọn ni. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ńṣe ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ kèké ìgbà tí yóò fi dúró.

Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ìṣirò fi hàn pé bí àwọn ẹ̀rọ bá pọ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n, ohun tí yóò débi tí ó ń lọ láìkọlu òmíràn kò lè ju nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 agbára ojú ọ̀nà náà lọ. Láti ọdún 1973 ni Robert Metcalfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Xerox ní California ti mú ọgbọ́n Hawaii yìí wọ inú ètò wọn tí ń jẹ́ Ethernet, wọ́n sì fi òfin kan kún un: kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ kí ó tó lanu. Wi-Fi jogún òfin méjèèjì. Ó máa ń tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ pé ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró, ó sì máa ń ṣẹ́ kèké.

Ìdí nìyí tí Wi-Fi ilé kan fi lè yá ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ó sì máa wọ́ bí ìgbín ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Àwọn tí ń dúró de ara wọn ni wọ́n pọ̀. Fóònù bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ, tẹlifíṣọ̀n, àti fóònù àlejò tí ó wá ní oṣù tí ó kọjá tí ó ṣì ń rántí ọ̀rọ̀ aṣínà, gbogbo wọn ni wọ́n wà nídìí ojú ọ̀nà kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí òtítọ́ yóò yọ gbogbo ẹ̀rọ tí a kò lò kúrò, yóò fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, yóò sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yí padà.

Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún ààrò

Ìtàn kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ní ọdún 1945, Percy Spencer, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ rédà tí wọ́n ń lò fún ogun nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé ohun dídùn tí ó wà nínú àpò rẹ̀ ti yọ́. Láti inú àkíyèsí yìí ni ààrò máíkírówéèfù ti jáde. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àpérò lórí ìgbì rédíò ní Atlantic City ní ọdún 1947, wọ́n ya àwọn àyè kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀rọ tí ń lo ìgbì fún iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe ìbánisọ̀rọ̀, irú bí ìgbóná. Ọ̀kan nínú àyè wọ̀nyí wà ní àgbègbè 2.4 GHz, ìyẹn ni pé ìgbì ibẹ̀ ń mì ní ìgbà tí ó lé ní bílíọ̀nù méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fara da ariwo ààrò.

Bí ilẹ̀ tí ó wà létí ààtàn ni àyè yìí rí. Kò sí ọlọ́rọ̀ tí ó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èbìbí ọdún 1985, àjọ FCC tí ń ṣàkóso ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí ó yí ayé padà. Michael Marcus, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ ní àjọ náà, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni lè lo àwọn àyè bí 2.4 GHz fún ìbánisọ̀rọ̀ láìgba ìwé àṣẹ, bí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ti pọ̀ jù, tí ó sì ń fọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká kí ó lè fara da ariwo. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ di ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè dáko sí.

Ọ̀fẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí Wi-Fi tàn kálẹ̀. Òun náà ni ó sì ń dá a lóró. Agbára tí ráútà fi ń sọ̀rọ̀ kì í sábà tó wáàtì kan, nígbà tí ààrò máíkírówéèfù ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì láti gbé oúnjẹ gbóná. Bí díẹ̀ bá jò jáde lára ilẹ̀kùn ààrò, ó tó láti bo ohùn ráútà tí ó wà nítòsí mọ́lẹ̀. Bluetooth wà ní àyè yìí, ráútà aládùúgbò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n pín àyè 2.4 GHz sí ojú ọ̀nà 11 ní Amẹ́ríkà, 13 ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ojú ọ̀nà náà sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú 11 náà, mẹ́ta péré ni kò gun ara wọn lẹ́sẹ̀: ìkíní, ìkẹfà àti ìkọkànlá. Bí ilé mẹ́wàá bá wà ní àdúgbò kan tí gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà kẹfà, ìpàdé tí kò ní alága ti padà dé nìyẹn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá rí i pé àdúgbò òun kún lè yí ojú ọ̀nà ráútà rẹ̀ padà sí ìkíní tàbí ìkọkànlá. Bí ráútà náà bá ní àyè 5 GHz, ojú ọ̀nà pọ̀ síi níbẹ̀, ariwo sì dín kù, ṣùgbọ́n ìgbì 5 GHz kì í la ògiri kọjá bí ti 2.4 GHz. Ẹni tí ó wà nítòsí ráútà ni 5 GHz yẹ fún, 2.4 GHz yẹ ẹni tí ó wà ní yàrá jíjìnnà. Ní ọdún 2020, FCC tún ṣí àyè 6 GHz sílẹ̀ nítorí pé àwọn ilẹ̀ àtijọ́ ti kún.

Kí gbogbo ẹ̀rọ lè gbọ́ èdè ara wọn

Lẹ́yìn òfin ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀, èdè wọn kò sì bára mu. NCR, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, kí onílé-ìtajà lè gbé wọn kiri bó ṣe fẹ́. Ẹ̀ka rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Vic Hayes, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀, di alága ìgbìmọ̀ àgbáyé kan, IEEE 802.11, ní ọdún 1990, ó sì wà nípò náà fún ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni láti mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá ara wọn figagbága fẹnu kò sórí èdè kan. Ọdún 1997 ni wọ́n tó gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde. Èyí tí ó yára jù ú lọ dé ní 1999. Ọdún 1999 yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan kó ara wọn jọ láti máa dán ẹ̀rọ wò bóyá ó bá ìlànà mu, wọ́n sì san owó fún àwọn tí ń ṣe orúkọ ọjà kí wọ́n bá wọn wá orúkọ. Wi-Fi ni orúkọ tí wọ́n rí. Ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, Steve Jobs ti ilé-iṣẹ́ Apple dúró níwájú èrò ní New York, ó sì fi òrùka ńlá tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré yí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ká nígbà tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí wáyà kankan lára rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ilé ni pé èdè Wi-Fi ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Fóònù àtijọ́ lè má mọ̀ pé àyè 5 GHz wà, orúkọ Wi-Fi tí ó wà níbẹ̀ kò sì ní hàn lójú rẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kan kò bá rí Wi-Fi, ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: ṣé àwọn yòókù ń rí i? Bí wọ́n bá ń rí i, ara ẹ̀rọ kan náà ni ẹjọ́ wà, kì í ṣe ara ráútà.

Gbohùngbohùn

Ẹni tí ó bá kígbe ní ẹsẹ̀ òkè ńlá mọ̀ pé ohùn rẹ̀ yóò padà wá bá a. Ìgbì rédíò náà ní gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ tí ráútà sọ lẹ́ẹ̀kan ń gba ọ̀nà púpọ̀ dé ọ̀dọ̀ fóònù: òmíràn tààrà, òmíràn láti ara ògiri, òmíràn láti ara àjà. Kò dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń da ara rẹ̀ rú. Ìṣòro yìí ni kò jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì aláìní-wáyà yára nínú ilé.

Àwọn tí wọ́n bá a wọ̀jà ní Australia kì í ṣe oníṣòwò. John O'Sullivan jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí ń fi rédíò wo ojú ọ̀run. Ní àwọn ọdún 1970, ó ń wá àmì àwọn ihò dúdú kéékèèké tí Stephen Hawking sọ pé wọ́n lè máa bú gbàmù. Kò rí wọn. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó lò láti tún ìgbì tí ó ti dàrú lójú ọ̀nà tò wúlò fún gbohùngbohùn inú ilé nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ ìwádìí CSIRO dojú kọ ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọgbọ́n wọn ni pé kí á pín ọ̀rọ̀ kan sí orí ìgbì púpọ̀ tí ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí á fi eré rán gbogbo rẹ̀ lórí ẹyọ kan. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996. Lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, owó tí CSIRO gbà lórí rẹ̀ lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là ilẹ̀ Australia.

Gbohùngbohùn ni ó fà á tí àyè kan nínú yàrá fi lè ní Wi-Fi tí àyè tí ó tẹ̀ lé e kò sì ní. Ìgbì 2.4 GHz kan gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀. Bí ìgbì méjì bá pàdé ní ibi tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń lọ sílẹ̀, wọ́n á pa ara wọn. Kí ènìyàn sún ìjókòó rẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ó yí ráútà díẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́ asán, físíìsì ni.

Ògiri tí ó lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìgbì kì í dúró sínú ilé olówó rẹ̀; ó ń jáde lọ sí òpópónà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi kọ́kọ́rọ́ kan tí ń jẹ́ WEP sínú ìlànà ọdún 1997. Ní ọdún 2001, Scott Fluhrer, Itsik Mantin àti Adi Shamir fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ náà kò lágbára: ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ìgbì pẹ́ tó lè ṣí i. WPA rọ́pò rẹ̀ ní 2003, WPA2 tẹ̀ lé e ní 2004, WPA3 sì dé ní 2018.

Ọ̀rọ̀ ààbò àti ọ̀rọ̀ Wi-Fi tí ń wọ́ kò jìnnà sí ara wọn. Dátà tí ó ń tán kí oṣù tó dé ìdajì lè jẹ́ pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri ni ó ń mu ún. Ẹni tí ó bá fura yóò wo ojú-ewé ráútà rẹ̀, níbi tí orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí ó wọlé wà, yóò ka iye wọn, yóò sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà bí iye náà bá ju ti ará ilé lọ. Kí ó má sì fi ojú-ewé náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Bí fóònù àtijọ́ kan bá sì kọ̀ láti wọlé lẹ́yìn tí a yan WPA3, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ tuntun náà ni kò mọ̀.

Bí ọ̀nà òde bá já

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí á rò pé Wi-Fi àti íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun kan náà. Àárín fóònù àti ráútà ni Wi-Fi ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tí kò ju ìwọ̀nba mítà lọ. Àmì tí ń hàn lójú fóònù, tí ó ń fi agbára Wi-Fi hàn, mítà díẹ̀ yẹn nìkan ni ó ń wọ̀n. Ó lè kún pátápátá nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Lẹ́yìn ráútà ni ọ̀nà gígùn ti bẹ̀rẹ̀: láti ráútà sí òpó tàbí sí okùn ilé-iṣẹ́, láti ibẹ̀ sí Èkó tàbí Kútọnu, àti láti etí òkun wọnú okùn tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ọ̀nà yẹn já. Okùn SAT-3, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, gúnlẹ̀ sí Èkó àti Kútọnu. Nígbà tí ó bàjẹ́ nítòsí etíkun Benin ní oṣù Agẹmọ ọdún 2009, Benin, Togo, Niger àti Nàìjíríà ni ó fara gbá a. Okùn MainOne àti Glo-1 dé ní 2010. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítòsí etíkun Côte d'Ivoire: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Nàìjíríà, Ghana, Benin, Liberia àti Côte d'Ivoire wà lára àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn dẹnu kọlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí ráútà kan ní Ìbàdàn tí títàn àti pípa lè wo okùn tí ó já sábẹ́ òkun sàn.

Ètò ìwádìí

Bí a bá to ìtàn wọ̀nyí lé ara wọn, ètò ìwádìí jáde láti inú wọn fúnra rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹ̀rọ kan ni tàbí gbogbo ẹ̀rọ? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan, kí á mú kí ó gbàgbé Wi-Fi náà, kí á tún tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sí i. Ìbéèrè kejì: ṣé ibi kan ni tàbí gbogbo ilé? Bí ó bá jẹ́ ibi kan, ẹ̀kọ́ Hertz àti gbohùngbohùn ni kí á rántí. Ìbéèrè kẹta: ṣé ìgbà kan ni tàbí ìgbà gbogbo? Bí ó bá jẹ́ alẹ́ tàbí àsìkò tí a ń gbé oúnjẹ gbóná, ariwo àti ogunlọ́gọ̀ ni ẹjọ́ náà.

Bí ó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀rọ, gbogbo ilé, nígbà gbogbo, kí á pa ráútà fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú kí á tó tàn án. Èyí náà ní ìdí. Láti ọdún 1993 ni ìlànà tí ń jẹ́ DHCP ti wà, èyí tí ń yá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà mìíràn, ìwé àyálò náà máa ń dàrú nínú ráútà. Pípa á àti títàn án ń jẹ́ kí ó kọ ìwé tuntun. Bí kò bá sí àyípadà lẹ́yìn èyí, kí á wo bóyá dátà ti tán, kí á sì bi aládùúgbò tí ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ti òun náà bá ti kú, ọ̀nà òde ni ó já. Sùúrù àti ìpè sí ilé-iṣẹ́ ni ó kù, kì í ṣe ríra ráútà tuntun.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí á má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí ara ẹ̀rọ bá yá, a kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ni oògùn. Hertz gbé páànù wò lọ́tọ̀, ó ti ilẹ̀kùn wò lọ́tọ̀. Ó dára kí olùkọ́ fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: kí wọ́n mú ìwé, kí wọ́n kọ ọjọ́, aago, yàrá àti ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kàn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí ti ń wo ẹ̀yìn bí àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni.